Ta ló kọ ìlà yìí? Ìtàn bí kọ̀ǹpútà ṣe kọ́ láti da iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn pọ̀ mọ́ tilé

1/
Ní 1899, pásítọ̀ kan ní Ọ̀yọ́ di ìwé ìtàn tó ti ń kọ láti ọjọ́ pípẹ́, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà ò jáde. Kò sì padà wálé.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tẹ git pull lójoojúmọ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kóòdù, ìtàn bàbá yìí kàn yín. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ó gùn díẹ̀. 🧵

2/
Samuel Johnson lorúkọ pásítọ̀ náà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín, ọmọ Yorùbá ni. Sàró ni wọ́n bí i sí, torí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gbà kúrò lóko ẹrú. Ó parí ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, ní 1897.

Ẹ rántí pé kò sí fótókọ́pì nígbà yẹn. Kò sí flash, kò sí Google Drive. Ìwé tó ti parí, tó ti mọ́ tónítóní, ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di gbéré.

3/
Ní 1900, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé Ìlú Ọba, ó sì lọ bá òǹtẹ̀wé náà. Èsì tí wọ́n fún un ni pé ìwé ti sọnù mọ́ àwọn lọ́wọ́, àwọn ò rí i mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀.

Owó kẹ̀? Èló lẹ fẹ́ san fún ìtàn odidi ìran kan?

Ní oṣù kẹrin 1901, Samuel kú. Kò fojú kan ìwé rẹ̀.

4/
Kí ló wá gba ìwé yẹn là? Àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé ni. Samuel fi ọ̀pọ̀ ìwé jágajàga sílẹ̀, àwọn ibi tó ti ń gbìyànjú ọ̀rọ̀ wò kó tó dà á kọ. Obadiah jókòó tì wọ́n, ó tún gbogbo ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 1916, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba nínú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Appam. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì tó ń jẹ́ Möwe gbá Appam mú lójú omi, wọ́n sì wà á lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Bí ìtàn Yorùbá ṣe di ẹrù ogun nìyẹn.

5/
Láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti padà fi í ránṣẹ́ sáwọn òǹtẹ̀wé, lẹ́yìn ìdádúró. Ogun ò tí ì jẹ́ kí ó ṣeé tẹ̀. Obadiah náà kú ní 1920. Ìwé jáde ní 1921, ọdún 24 lẹ́yìn tí Samuel ti parí rẹ̀.

6/
Ìbéèrè mi rèé: nínú ìwé tí à ń kà lónìí, ìlà wo ni ti Samuel, èwo ni ti Obadiah?

Kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ tán, torí ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti wọmi. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò ti di ọ̀kan bí ẹ̀bà tí wọ́n rò pọ̀.

Ẹ fi nǹkan mẹ́ta sọ́kàn: ẹ̀dà tó wà lọ́nà jíjìn, ẹ̀dà tó wà nílé, àti àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣe èyí àti ẹni tó ṣe tọ̀hún. Mẹ́ta yìí náà ni wàhálà tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà kó sí nígbà tí iṣẹ́ wọn kọjá ohun tí ẹnì kan lè dá ṣe. Ó gbà wọ́n ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí wọ́n tó rí ojútùú gidi.

7/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, 1972. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marc Rochkind ṣe ohun èlò kan tí wọ́n pè ní SCCS. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú gbogbo ẹ̀dà fáìlì kan: ohun tó yí padà, ẹni tó yí i, ọjọ́ tó yí i, ìdí tó fi yí i.

Ní Bell Labs yẹn kan náà, Douglas McIlroy àti James Hunt ṣe diff. Ẹ fún un ní fáìlì méjì, á sọ àwọn ìlà tó fi yàtọ̀ síra fún yín. Diff jáde pẹ̀lú Unix ní 1974. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn èyí, orí diff ló dúró lé.

8/
Ní 1982, Walter Tichy ní Yunifásítì Purdue gbé RCS jáde. RCS yá, ó sì rọrùn ju SCCS lọ. Ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n fi ń lò ó ni kọ́kọ́rọ́: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí fáìlì kan, ẹ máa tì í mọ́ra yín. Títí ẹ ó fi ṣí i, ẹlòmíì ò lè kọ nǹkan kan sí i.

Ẹni tó bá ti gbé ilé face-me-I-face-you rí á yé. Balùwẹ̀ kan, kọ́kọ́rọ́ kan, yàrá mẹ́wàá. Kò sí ìjà níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ bá gbàgbé tó gbé e lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́? Gbogbo ilé á dúró dè é.

9/
Ẹni tó fọ́ ìlànà kọ́kọ́rọ́ yẹn jẹ́ olùkọ́ kan ní Vrije Universiteit ní Amsterdam, Dick Grune. Láti 1984 sí 1985, òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì ń kọ compiler kan pọ̀. Àkókò wọn ò bára mu rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣiṣẹ́ bí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, aago mẹ́sàn-án sí aago márùn-ún. Èkejì ń wá nígbà tó bá wù ú. Grune fúnra rẹ̀, alẹ́ nìkan ló ráyè.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe máa rí tí ẹni alẹ́ bá sùn lọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

10/
Grune wá kọ àwọn script kan tó gbé ka orí RCS, ó pè wọ́n ní CVS, ó sì fi síta fún gbogbo ayé ní 1986. Ní 1989, Brian Berliner tún un kọ ní èdè C.

Ohun tí CVS sọ ni pé: ẹ jẹ́ kí kálukú mú ẹ̀dà tirẹ̀, kó ṣiṣẹ́ nígbà tó wù ú. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ kọ́kọ́ gba ohun táwọn yòókù ti ṣe, kẹ́ ẹ dà á pọ̀ mọ́ tiyín, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ di ohun àná.

Báwo ni kọ̀ǹpútà wá ṣe mọ bí òun ṣe máa dà á pọ̀? Ibí gan-an ni ọgbọ́n wà. Mo fẹ́ fi òde àríyá ṣàlàyé.

11/
Ẹ jẹ́ ká ní àbúrò wà ní Baruwa níbí, ẹ̀gbọ́n wà ní Peckham. Wọ́n fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ìyá wọn. Ìwé ìnáwó tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí rèé:

Ìrẹsì: àpò 3
Tòmátò: apẹ̀rẹ̀ 2
Kánọ́pì: 10
Àga: 200
Màlúù: 1

Kálukú mú ẹ̀dà tirẹ̀. Àbúrò lọ sọ́jà, ó rí i pé ìrẹsì ò ní tó, ó kọ àpò 4. Ẹ̀gbọ́n, torí pé owó pọ́n-ùn ń wọlé, kọ màlúù 2.

12/
Tẹ́ ẹ bá gbé ìwé méjèèjì síwájú ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan, ohun tó máa rí ni pé: ìwé kan ní ìrẹsì 4 àti màlúù 1, ìkejì ní ìrẹsì 3 àti màlúù 2. Èwo ni tuntun? Èwo ni àtijọ́? Kò lè mọ̀. Bóyá ẹ̀gbọ́n ló dín ìrẹsì kù, kó sì jẹ́ pé àbúrò ló dín màlúù kù. Ìwé méjì ò lè sọ ìtàn.

Ẹ wá fún un ní ìwé kẹta, èyí tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí níbẹ̀rẹ̀. Ojú là kíá! Àtìbẹ̀rẹ̀ ni ìrẹsì ti jẹ́ 3, nítorí náà àbúrò ló yí i. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni màlúù ti jẹ́ 1, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ló yí i. Mú àyípadà méjèèjì: ìrẹsì 4, màlúù 2. Ó parí.

13/
Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní three-way merge nìyẹn. Ẹ̀dà yín, ẹ̀dà wọn, àti ìyá àwọn méjèèjì, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti pínyà. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Ohun tó ń béèrè ni pé: "Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti pínyà, ta ló fọwọ́ kan ìlà yìí?" Tó bá jẹ́ ẹnì kan, á gba tirẹ̀. Tí kò bá sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, á fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Tó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló fọwọ́ kan ìlà kan náà, tí wọ́n kọ ohun tó yàtọ̀ síra ńkọ́?

14/
Ẹ̀gbọ́n kọ màlúù 2. Àbúrò kọ màlúù 0, torí ó ti rí iye tí wọ́n ń ta màlúù.

Kọ̀ǹpútà á gbé ọwọ́ sókè. Á kọ ìlà méjèèjì sínú fáìlì, á fi àmì bí ọfà méje sókè, àmì bákan náà méje sáàárín, ọfà méje sísàlẹ̀, á ní kẹ́ ẹ lọ parí ọ̀rọ̀ yín. Ìyẹn ni conflict tó máa ń já àyà ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kódà tó bá jẹ́ ìlà méjì tó fara kan ara wọn ni ẹ̀yin méjèèjì yí, Git á ṣì dá yín dúró, kò fẹ́ méfò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: conflict kì í ṣe error. Kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́, ẹ̀yin náà ò bà á jẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ yìí ju agbára òun lọ, ó ku ẹ̀yin èèyàn.

15/
CVS ní àléébù ńlá kan ṣá. Ibì kan ṣoṣo ni ìtàn iṣẹ́ wà, lórí server. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín kàn jẹ́ ẹ̀dà tòní. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ commit, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá, ẹ gbọ́dọ̀ kàn sí server. Subversion tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000 tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n server kan náà ló ṣì gbé ìtàn dání.

Ẹ ronú nípa Alimosho nígbà yẹn. Oṣù kẹjọ 2001 ni GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà. Íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni ti káfẹ́, tí wọ́n ń ṣírò ní wákàtí, tàbí kẹ́ ẹ lọ ṣe overnight. Ìlànà tó ní kẹ́ ẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó lè tọ́jú iṣẹ́ yín, ìlànà àwọn tí iná wọn kì í lọ nìyẹn.

16/
Ní àkókò kan náà, Linus Torvalds tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991 ò fẹ́ràn CVS rárá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ímeèlì làwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi ń rán àyípadà wọn sí i, wọ́n sì ń lo patch, ohun èlò tí Larry Wall kọ ní 1985. Patch á gba ohun tí diff sọ, á fi sínú fáìlì yín.

Iṣẹ́ wá pọ̀ jù. Ní 2002, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo BitKeeper, ti ilé-iṣẹ́ Larry McVoy. Ọ̀fẹ́ ni fún wọn, ṣùgbọ́n àdéhùn wà nídìí ẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ nínú wọn ò dùn sí i pé iṣẹ́ tó jẹ́ ti gbogbo ayé wà nínú àpótí ẹnì kan.

17/
Ní 2005, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Andrew Tridgell gbìyànjú láti kọ ohun èlò tó lè bá BitKeeper sọ̀rọ̀. McVoy bínú, ó gba ọ̀fẹ́ rẹ̀ padà.

Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2005. Ní ọjọ́ 7, Git ti ń tọ́jú kóòdù ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 18, ó da àwọn ẹ̀ka pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹfà, Linux 2.6.12 ti jáde lórí ẹ̀. Ní oṣù keje, ó fa Git lé Junio Hamano lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló sì wà látìgbà náà. Matt Mackall náà bẹ̀rẹ̀ Mercurial ní oṣù kẹrin kan náà yẹn. Ìjà kan, ọmọ méjì.

18/
Kí ni Git ṣe tí CVS ò ṣe? Tẹ́ ẹ bá clone iṣẹ́ kan, gbogbo ìtàn rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń bá yín wálé. Gbogbo commit, gbogbo orúkọ, gbogbo ọjọ́. Láptọ́ọ̀pù yín náà ti di ilé ìtàn. Tí server bá jóná lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní clone tó pé lè fi tirẹ̀ tún un gbé dìde.

Ẹ padà ro ti Obadiah. Bébà jágajàga ló fi tún ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ. Ká ní odidi ẹ̀dà kan wà nílé, ohun tó sọnù ní Ìlú Ọba ì bá jẹ́ ìnira lásán, kì bá tí jẹ́ òfò.

19/
Ó yá, git pull. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹní ń tẹ iná, a ò mọ ohun tó ń ṣe. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni fetch. Fetch á lọ sọ́dọ̀ server, á kó gbogbo commit tuntun wálé, á tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń jẹ́ origin/main. Kò fọwọ́ kan iṣẹ́ yín. Ó dà bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n fi ìwé ránṣẹ́ láti Peckham, tẹ́ ẹ gbà á, tẹ́ ẹ gbé e sórí tábìlì, tẹ́ ò tí ì ṣe nǹkan kan sí i. Fetch ò lè pa yín lára.

Ìkejì ni ìdàpọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

20/
Tí ẹ̀yin ò bá tí ì ṣe commit kankan láti ìgbà tẹ́ ẹ gbà kẹ́yìn, kò sí nǹkan tó fẹ́ dapọ̀. Git á kàn gbé yín síwájú débi tí wọ́n dé. Fast-forward nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ti ṣe tiyín, àwọn náà ti ṣe tiwọn, ọ̀nà ti pín sí méjì nìyẹn. Git á wá ibi tẹ́ ẹ ti pínyà, á ṣe ìṣirò oníwèé mẹ́ta tá a fi òde àríyá ṣàlàyé, á sì ṣe commit tuntun kan tó ní òbí méjì. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ìtàn lọ́jọ́ iwájú á rí i pé iṣẹ́ méjì pàdé níbí.

21/
Ọ̀nà kejì ni rebase. Rebase á gbé commit yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á kọ́kọ́ to tiwọn, á wá tún tiyín ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan lórí tiwọn, bí ẹni pé lẹ́yìn tí wọ́n parí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìtàn á gún régé. Ṣùgbọ́n àtúnkọ ni o. Commit tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn rebase kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ kọ tẹ́lẹ̀.

Fún iṣẹ́ tó ṣì wà lọ́wọ́ yín nìkan, ó dáa gan-an. Fún iṣẹ́ tí ẹlòmíì ti gbà, tó sì ti kọ́lé lé lórí, ẹ fi sílẹ̀. Ilé ẹlẹ́ni lẹ fẹ́ yọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ yẹn.

Ohun kan tún wà tó ń da orí rú: tí conflict bá ṣẹlẹ̀ nínú merge, tiyín ló wà lókè, tiwọn wà nísàlẹ̀. Nínú rebase, ó yí padà, tiwọn ló wà lókè. Ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó pa ìlà kankan rẹ́.

22/
Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Git kì í béèrè èwo lẹ fẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ pull, merge ni. Láti 2021, tí ọ̀nà bá ti pín tẹ́ ò sì tí ì yàn, á dúró, á ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ parí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bú u torí ìyẹn. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Bí ìtàn iṣẹ́ yín ṣe máa rí, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ yàn án.

23/
Ẹ má ṣe rò pé tí kò bá ti sí conflict, gbogbo nǹkan ti dáa o.

Ẹ̀gbọ́n pa màlúù rẹ́ pátápátá nísàlẹ̀ ìwé, ó kọ ewúrẹ́ 5. Lọ́jọ́ kan náà, àbúrò kọ "owó alápatà màlúù" sókè lọ́hùn-ún. Ìlà ọ̀tọ̀, ọwọ́ ọ̀tọ̀. Git á dà á pọ̀ láì sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ òde, alápatà dé pẹ̀lú ọ̀bẹ, kò rí màlúù kankan.

Ìlà ni kọ̀ǹpútà ń kà, kò mọ ìtumọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ ṣe test lẹ́yìn gbogbo pull, kẹ́ ẹ sì ka ohun tó wọlé.

24/
A dé ibi tó ń dùn mí jù. Ẹ ṣiṣẹ́ tán, ẹ tẹ push, Git kọ̀ ọ́. Ó ní àwọn commit kan wà lọ́hùn-ún tẹ́ ò ní. Ẹnì kan á wá lọ rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé tí òun bá fi --force sí i, ó máa lọ. Lóòótọ́, ó lọ. Ohun tó sì ṣe ni pé ó fi ẹ̀dà tirẹ̀ bo ti gbogbo ilé mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tí ẹlòmíì ṣe ti kúrò lójú ọ̀nà.

Bóyá òǹtẹ̀wé tó ní ìwé Johnson sọnù ò ní èrò ibi. Ẹni tó ń force push náà ò ní. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ń jẹ ìyà ẹ̀. Tó bá di dandan, ẹ lo --force-with-lease: á kọ́kọ́ wò ó bóyá server ṣì wà níbi tẹ́ ẹ rò pé ó wà, tí ẹlòmíì bá ti fi nǹkan kún un, á kọ̀.

25/
Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè nìkan nìyí. GitHub ṣí ní 2008. MainOne fa wáyà abẹ́ òkun dé Èkó ní 2010, CcHUB ṣílẹ̀kùn ní Yaba, Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014. Kóòdù YorubaName.com tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ wà lórí GitHub ní gbangba, ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ lè fi tiyín kún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà nílé, ní Ìpájà, ní Ìkòtún, tí wọ́n ń bá àwọn tó wà ní Berlin àti Toronto kọ fáìlì kan náà.

26/
Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dákú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Báǹkì ò ṣiṣẹ́ dáadáa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège.

Ẹni tó ń lo Git lọ́jọ́ yẹn ṣì lè commit. Ó lè ka ìtàn, ó lè dá ẹ̀ka sílẹ̀, ó lè padà sí àná. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ó fetch, ó dà á pọ̀, ó push. Ohun tí wọ́n ṣe torí ìjà Linux bá ìlú tí iná àti dátà kì í dúró mu wẹ́kú.

27/
Ẹ jẹ́ kí n kó o jọ. Láti 1972 dé òní, kò sí ohun èlò kankan tó lè bá èèyàn méjì parí àríyànjiyàn. Ohun tí wọ́n ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i ni kí wọ́n fi ibi tí àríyànjiyàn wà hàn wá, kí wọ́n sì tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹni méjèèjì títí a ó fi jókòó sọ ọ́.

Nítorí náà: ẹ máa commit díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa fetch lọ́pọ̀ ìgbà, kí ọ̀nà má pín jìnnà. Tí conflict bá dé, ẹ pe ẹni tó kọ ìlà kejì, ẹ bi í léèrè ohun tó ní lọ́kàn. Ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún ń gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan là.

28/
Ẹ kọ ọ̀rọ̀ gidi sínú commit yín. "update" àti "fix" ò sọ nǹkan kan. Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ git blame, ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fáìlì èyíkéyìí, á to orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Orúkọ àṣẹ yẹn burú, ṣùgbọ́n oore ló ń ṣe. Ká ní àwọn ọmọ Johnson ní irú ẹ̀ ni, à bá mọ ohùn ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí ti àbúrò.

Ẹ fi tìrẹ́ẹ̀dì yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń sá fún conflict nínú ẹgbẹ́ yín. Ẹ sì sọ fún mi nísàlẹ̀: nílé iṣẹ́ tiyín, merge ni àbí rebase? Kí ló sì fà á?